Igbó Tí Rasaq Kò Gbìn

Rasaq ti wà lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé láti agogo mẹ́fà àárọ̀, ó ń kọ ọ́. Ilẹ̀ Clinton, ní Maryland, kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀lẹ. Amọ̀ pupa ni, bí ṣọ́bìrì bá kàn án, á ta padà. Ó ti tu koríko, ó ti ṣa òkúta sápá kan, ó ti kó àpò ilẹ̀dú mẹ́fà jáde nínú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí tó ń dùn ún mú, ó mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó kù gìrì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wo bí oòrùn ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ náà. Ó ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn páálí: ibi tí oòrùn ń kọ́kọ́ dé, ibi tí òjìji igi aládùúgbò ń bò, ibi tí omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀. Oṣù Karùn-ún ti wọ̀, òtútù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ihò mẹ́rin ló fi àmì sí.

Igbó ló fẹ́ gbìn síbẹ̀. Igbó tí wọ́n ń fà yẹn gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bínú sí i. Rasaq kì í ṣe ìpáǹle. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, visa lottery ló gbé Rasaq fúnra rẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ìkẹ́rùsí kan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹrù gbígbé ló ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún un pé igbó máa ń dín ìrora kù, àti pé Maryland ti fàyè gba àgbàlagbà láti gbin díẹ̀ sílé. Rasaq kò gba ọ̀rọ̀ ẹni náà gbọ́ lásán. Ó ka òfin náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ìdajì rẹ̀ ló kà.

Nínú ohun tó kà, ó rí i pé onílé gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ràbíátù, ló ni ilé. Rasaq ń gbé nínú basement, yàrá abẹ́ ilé. Nítorí náà, ó kọ ìwé ìyọ̀ǹda kan dáadáa, ó fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì ìta. Ràbíátù, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé bí òun bá wọlé báyìí, òun á fọwọ́ sí i. Irúgbìn wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Rasaq. Kò tíì já ìdì rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fẹ́ rẹ ẹ́ sómi.

Géètì ẹ̀gbẹ́ ilé dún. Ìyá Ọmọ́jọlá ló wọlé, pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì, Seat Pleasant, ìlú kan nítòsí, ló ń gbé. Ó máa ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ní ìbéèrè àti ìdáhùn ní láíbìrì, láìgba kọ́bọ̀. Nítorí pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí Ràbíátù ráyè dé láíbìrì, Ìyá Ọmọ́jọlá ń wá bá a nílé ní Sátidé.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì."

"Káàárọ̀, àgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, mà. Ẹ jókòó, kí n bu omi wá."

"Fi omi sílẹ̀. Kí lo fẹ́ gbìn síbí? Àbí ilá ni? Inú mi á dùn o. Ilá tí wọ́n ń tà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù níbí, bíi kéèyàn máa jẹ igi ni."

Rasaq rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ilá, mà. Oògùn ìbàdí ni. Ẹ wo ìwé yẹn, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ìyá Ọmọ́jọlá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á sókè: "Èmi Ràbíátù, onílé yìí, yọ̀ǹda kí a gbin igbó sí ẹ̀yìnkùlé mi. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Méjì jẹ́ ti àbúrò mi, Rasaq." Ó gbójú sókè. "Ta ló pín in báyìí?"

"Èmi ni, mà. Òfin ní méjì fún ilé kan. Àǹtí mi ń dáná lókè, èmi ń dáná nísàlẹ̀. Ààrò méjì nìyẹn. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin."

"Ààrò?"

"Ààrò ni, mà. Nínú agbo ilé wa, tí wọ́n bá fẹ́ pín ẹran Iléyá, ṣé òrùlé ni wọ́n ń kà ni? Ẹni tó bá ti ń dáná tiẹ̀, ó ti dá ilé tiẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. "Rasaq, wọn ò pín ẹran Iléyá ní Annapolis tí wọ́n ti ń ṣòfin Maryland. Ilé kan, méjì péré. Ẹ báà pọ̀ tó mẹ́wàá, kí kálukú yín máa dáná tiẹ̀. Mẹ́rin ti kọjá òfin."

"Ó dáa, mà. Màá dí ihò méjì."

"Fẹ́ǹsì yìí ńkọ́? Kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ni mo ti rí ẹ. Mo tiẹ̀ rí ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ti ya. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ hàn sí ẹni tó ń kọjá, kẹ́ ẹ sì tì í, kí ọwọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún má tó o."

"Màá fi pákó gbé e ga, màá fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

"O ní èsì fún gbogbo ẹ̀."

"Àgbẹ̀ ni mí, mà. Ẹni tí kò bá ní èsì fún òjò àti ọ̀kẹ́rẹ́, kó má gbin nǹkan."

"Ó dáa, fún mi ní èsì eléyìí. Ìwé wo ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ fi ń gbé ìlú yìí?"

"Green card, mà. Àwa méjèèjì."

"Kí ni mo sì ń wá kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ní Sátidé Sátidé?"

"Ìbéèrè citizenship. Kí wọ́n lè dọmọ ìlú, kí wọ́n lè kọ̀wé láti mú Ìyá wa wá. Ẹni tó ní green card nìkan ò lè mú ìyá ẹ̀ wá."

"O mọ ìyẹn. Ẹni ọdún mélòó ni Ìyá?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àwọn nìkan ló kù nílé. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

Ìyá Ọmọ́jọlá ká ìwé náà sí méjì. "Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá fọwọ́ sí èyí, Ìyá lè má wá mọ́."

Rasaq gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ìjọba ló fàyè gbà á. Mo kà á."

"Ìjọba wo?"

"Maryland."

"Ṣé Maryland ló fún ẹ ní green card?"

Rasaq mi orí pé rárá.

"Ìjọba méjì ló wà lórí wa níbí. Maryland ní àwọn ò ní mú ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ò tíì fàyè gbà á kéèyàn máa gbin igbó sílé, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ìwé tó wà lápò ẹ. Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n ẹ kọ, wọ́n bi í níbẹ̀: ṣé o ti gbin oògùn tí òfin kà léèwọ̀ rí? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, á kọ́kọ́ búra, wọ́n á wá tún bi í. Kí ló máa sọ?"

"Kí wọ́n sọ pé rárá."

"Lẹ́yìn ìbúra? Irọ́ yẹn á tún burú ju igbó lọ. Tó bá sì sọ òótọ́, wọ́n lè ní ìwà ẹ̀ ò tíì yẹ ẹni tí wọ́n ń sọ dọmọ ìlú. Ìwọ náà, tó o bá lọ kí Ìyá nílé, tó o wá ń padà bọ̀, wọ́n lè dá ẹ dúró ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí ẹ̀."

"Aládùúgbò wa gbìn ín lésìí, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ibí ni wọ́n bí aládùúgbò ẹ sí. Ohun tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Wọ́n gbọ́ tí ìlẹ̀kùn mọ́tò pa dé níwájú ilé. Ràbíátù gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, bàtà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló pẹ́. Rasaq, ìwé ẹ dà? Jẹ́ kí n fọwọ́ sí i kí n tó gbàgbé."

Bírò méjì ló máa ń wà ní àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti yọ ọ̀kan. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ Ìyá Ọmọ́jọlá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò kà á, ó ń wá ibi tí orúkọ òun wà.

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ sí i."

"Ìwọ tó o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí nítorí ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná."

Rasaq fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé. Kò ju ẹ̀bi sórí ẹni tó bá a sọ ọ́ níbi iṣẹ́, kò sì fo ibi tí òun ti ṣì í kà. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ Ìyá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Ràbíátù jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Mo rántí ìbéèrè yẹn. Mo kọ 'rárá' sí i, mo kọjá lọ. Mo ní àwọn tó ń ta cocaine ni wọ́n ń bá wí." Ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀. "Èmi nọ́ọ̀sì! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ka orúkọ oògùn kí n tó fún aláìsàn. Mo fẹ́ fọwọ́ sí èyí láìkà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Bírò ò tíì kan ìwé," ni Ìyá Ọmọ́jọlá wí.

"Alihamudulilai. Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ tètè dé."

"Èmi ò pẹ́ rí. Ìwọ lo pẹ́, ìyẹn ló sì ṣe ẹ́ lóore lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi Rasaq. "Mọ́mì, lọ́jọ́ kan, mo ti ra—"

"Dákẹ́. N kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́yà, tó sì mọ òfin ìwọ̀lú dáadáa, òun ni kó o lọ sọ ọ́ fún, kó o tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, kó o sì tó wọ bàálù. Kì í ṣe ẹni tó kàn ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù."

"Ìbàdí mi wá ńkọ́?"

"Dókítà ò sí ní Clinton ni? O ní nọ́ọ̀sì nínú ilé, o lọ ń bi ẹni tó ń to páálí!"

"Kò sọ fún mi rí pé ó le tó bẹ́ẹ̀," ni Ràbíátù wí.

"Ẹ kì í sí nílé, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá sì wà nílé, ẹ ń sùn."

Ràbíátù kò bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mú fóònù, kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti gba ọjọ́ fún un lọ́dọ̀ dókítà. Rasaq náà já ìdì irúgbìn yẹn, ó da omi gbígbóná lé e lórí kí ó má baà hù níbì kankan, ó dà á sínú ike ìdọ̀tí.

"Ilẹ̀ tí mo ti kọ yìí ńkọ́?" ló béèrè.

"Kí ni ilẹ̀ ṣe? Mo ní irúgbìn ilá tí mo fi pamọ́ lésìí. Mò ń mú un bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Má fi ilẹ̀dú mẹ́fà ṣòfò."

Ìyá Ọmọ́jọlá mú un wá lóòótọ́, Rasaq sì gbìn ín. Nígbà tí oṣù Kẹjọ ń parí lọ, wọ́n pe Ràbíátù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò citizenship. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó búra. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́ ọ kò dẹ́rù bà á. Nígbà tí ọ̀gá náà dé orí ti oògùn, tó ní ṣé o ti gbìn ín rí, Ràbíátù ní rárá. Òótọ́ ni. Ó ní títí òun fi jáde ni òun ń rí ìwé tó wà lórí tábìlì yẹn lójú òun. Ó yege. Ọjọ́ tó dọmọ ìlú, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ń kọ̀wé Ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi ìdajì òfin ṣọ̀gbìn. Ìdajì ti Maryland ni pé ẹni tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún lè gbin igbó méjì nínú ilé kan, bó ti wù kí ààrò ibẹ̀ pọ̀ tó, níbi tí ẹni tó ń kọjá kò ti lè rí i, tí a tì pa, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ilé. Ìdajì kejì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òun ló sì wúwo jù. Bí o kò bá tíì di ọmọ ìlú, má gbìn ín, má sì fi orúkọ rẹ tàbí ilẹ̀ rẹ dúró fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà ní láti ṣọ́ra. Bí o bá ti ṣe é, má purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Lọ bá lọ́yà. Òfin a máa yí padà, nítorí náà, béèrè lọ́dún tí o fẹ́ gbìn, kí o tó gbé ọkọ́. Ìrora ara sì ní dókítà. Kíka ìwé kan dópin kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àìkà á sì lè ná ọ ní ìyá rẹ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Ràbíátù dọmọ ìlú, Rasaq tún jí sẹ́nu iṣẹ́. Ó gé ilá láti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, èyí tó rọ̀, tí kò tíì le. Ó kún àpò méjì. Ìbàdí kò dùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ti rán an sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ẹrù. Ó fọ ọ̀bẹ, ó fi ṣọ́bìrì kọ́ sára ògiri. Ó fi àpò kan sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé èkejì sínú ọkọ̀. Ó ti géètì, ó sì kọrí sí ilé Ìyá Ọmọ́jọlá ní Seat Pleasant.