Ọkọ̀ Tó Ta Gbòǹgbò

Láti ìgbà tí òkun ti ya wọ inú ọ̀sà ni ìlú Èbúté Arómi ti wà lábẹ́ omi, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé wá wò ó. Ọkọ̀-abẹ̀mí ló ń gbé wọn kiri. Ọkọ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kì í ṣe pákó, ewéko ni. Dókítà Fadékẹ́mi ló fi ojú oró àti igi ẹ̀gbà etí òkun hù ú nínú ilé ìwádìí rẹ̀. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń kùn yùn-ùn bó ṣe ń lọ. Àwọn àlejò fẹ́ràn ìkùn náà; wọ́n ní ó ń kọrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà dúró gbagidi láàárín ọ̀sà. Ìkùn rẹ̀ dákẹ́.

Fadékẹ́mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò àti bàbá rẹ̀, Bàbá Orímisàn, ọmọ bíbí ìlú náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti wá wo ohun tí omi gbé mì. Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Gbòǹgbò funfun ti yọ, ó ti di òrùlé ilé kan mú nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló yọ àbùdá títa gbòǹgbò kúrò lára irúgbìn náà, kí ọkọ̀ má baà jókòó síbì kan.

Òkùnkùn ìjì ń ṣú bọ̀. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Fadékẹ́mi yọ abẹ-ìmọ́lẹ̀, ọ̀bẹ tó ń fi ìtànṣán gé nǹkan.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Bàbá bi í.

"Mo fẹ́ gé gbòǹgbò rẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ò rí ìjì?"

"Kò ní kú?"

"Ó lè kú. Màá hu òmíràn."

"Fadé, o ò tiẹ̀ ní kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe é?"

Inú bí i, ṣùgbọ́n ó gbé agbọ́ran lé ara ọkọ̀ náà, ẹ̀rọ tó fi ń mọ̀ bóyá ewéko ń ṣàìsàn. Ìlà ojú ẹ̀rọ náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá fi wé ìlà tí ẹ̀rọ náà ti gbà sílẹ̀ fún ìkùn tí gbogbo ayé ń pè lórin. Ìlà ìkùn yẹn rí gẹ́lẹ́ bí èyí tó máa ń rí nígbà tó bá ń fa gbòǹgbò àwọn èèhù tu nínú ilé ìwádìí.

"Bàbá, kì í kọrin," ó ní. "Ó ń jẹ̀rora ni. Gbogbo ọkọ̀ yòókù náà, torí mi ò jẹ́ kí wọ́n ta gbòǹgbò."

Ó pa abẹ náà. "Ẹ dùbúlẹ̀!" ó pariwo sáwọn àlejò. "Ẹ di ewé mú!"

Ìjì dé, ó gbá wọn bí ìgbálẹ̀. Gbòǹgbò kò tú. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó sọnù.

Fadékẹ́mi pe èbúté tí wọ́n ti gbéra pé kí wọ́n tú gbogbo ọkọ̀-abẹ̀mí sílẹ̀, kí kálukú wọn lọ ta gbòǹgbò síbi tó wù ú.

"Dókítà, iṣẹ́ yín tán nìyẹn," ọ̀gá èbúté dáhùn. "Tiwa náà tán."

"Mo mọ̀. Ẹ fi ọkọ̀ pákó wá kó wa."

Ó jókòó. Omijé dà lójú rẹ̀. Bàbá Orímisàn sún mọ́ ọn, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí gan-an, Bàbá."

"Jẹ́ kó dùn ẹ́. Mo wà níbí."