Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Atẹ́gùn ló fi Doyinsọ́lá han Ẹkúndayọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kẹjọ, ní àkókò tí ooru Houston máa ń mú ọ̀dà títì rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ẹkúndayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Sharpstown, ó ń la ibi ìgbọ́kọ̀sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá, ni ó rí ọmọbìnrin kan tí ó ń lé tákàdá kiri láàárín àwọn ọkọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete, Yorùbá tí ahọ́n Amẹ́ríkà ti yí padà díẹ̀:

“Ẹ̀yin ọmọ burúkú! Mo ní kẹ́ ẹ padà wá síbí! Tí mo bá mú yín, ẹ máa rí i!”

Ẹkúndayọ̀ dúró. Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti dé ìlú náà, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá bá atẹ́gùn wí. Ọ̀kan nínú àwọn tákàdá náà fò wá síwájú rẹ̀, Ẹkúndayọ̀ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Ta ló ní kó o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Ṣé o ò lọ́wọ́ ni?”

“Ẹ má bínú, àǹtí. Tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ mú un, ó ti dé orí freeway.”

“Èmi kì í ṣe àǹtí ẹ.” Ó gba tákàdá náà, ó wo àmì bàtà tí ó wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, ó gbìyànjú láti faraya, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀.

Ẹkúndayọ̀ ti rí ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀kọ́ tí yunifásítì tí ó wà ní Third Ward máa ń tẹ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá ni: ọdún méjì níbí, ọdún méjì lọ́hùn-ún. Irú rẹ̀ gan-an wà nínú àpò tirẹ̀. Òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin náà fẹ́ di ẹnjiníà, kí ó lè mọ bí a ṣe ń darí omi kúrò nínú ìlú tí òjò máa ń rì.

Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Àwọn tí wọ́n bá ti kàwé ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí yóò rántí bí ọjọ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀: ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta jókòó ti ọmọ ọdún méjìdínlógún, àwọn kan wọ aṣọ ibi iṣẹ́ wá sí kíláàsì, gbogbo wọn ń kánjú, gbogbo wọn ń lọ sí ibòmíràn. Láàárín ìkánjú yẹn ni àwọn méjèèjì wá ibi tí ọkàn wọn ti lè sinmi, tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé ní ilé ìkàwé, níbi tí Ẹkúndayọ̀ máa ń gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́jú àwọn arúgbó tán ní ibi iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀.

“Kí ló dé tó jẹ́ èébú nìkan lo mọ̀ ní Yorùbá?” ni ó bi í ní ọjọ́ kan.

“Mọ́mì mi máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tínú wọn bá dùn. Tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n ni Yorùbá máa ń jáde.” Ó ti tó ọdún kan tí ìyá rẹ̀, Rónkẹ́, ti kú. “Ìyẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.”

“Nígbà náà, ogún ńlá ni. Mi ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.”

“Kọ́ mi ní èyí tó dùn. Kí ni ọkọ máa ń pe ìyàwó ẹ̀?”

“Olólùfẹ́. Àdùnní. Àyànfẹ́ mi.”

“Ìyẹn dà bí orin. Nínú ilé ńkọ́?”

“Nínú ilé, bàbá mi máa ń pe ìyá mi ní ‘Ìwọ yìí.’”

Doyinsọ́lá rẹ́rìn-ín títí olùtọ́jú ìwé fi wú ikọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní Ìwọ yìí, orúkọ náà sì dùn lẹ́nu wọn ju oyin lọ.

Ní ìparí ọdún kìíní, níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé Ẹkúndayọ̀ lọ, Doyinsọ́lá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Yunifásítì olókìkí kan tí ó jìnnà réré ti gbà á wọlé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni lẹ́tà náà dé. Ní alẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, bàbá rẹ̀ gbé abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì, ó wò ó, ó sì mú ọ̀kan kúrò.

“Mo rò pé tí mo bá lọ, wọ́n máa tún mú ọ̀kan kúrò. Mo kàn sọ fún wọn pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ò wọ́n, pé mi ò tíì ṣetán. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Ẹkúndayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bọ́ọ̀sì dé, ó jẹ́ kí ó kọjá láìwọ̀ ọ́.

Ẹnjiníà Babáwálé, bàbá Doyinsọ́lá, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí ó ní iyì ni ní Missouri City, ìlú kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dárúkọ yunifásítì àwọn ọmọ wọn, òun a yára béèrè àlàáfíà ìyàwó wọn. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀ ní ọdún kejì láti sọ pé òun ń fẹ́ Doyinsọ́lá, bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Dìde. Níbo lo ti ń kàwé?”

“Ibì kan náà lèmi àti Doyin wà, sà. Lọ́dún tó ń bọ̀ la máa kọjá sí yunifásítì.”

“Ẹ̀yin méjèèjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì pàdé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ bá mi wá ẹnì kan wá láti jẹ́lé-ó-sinmi, kí ẹ lè pé mẹ́ta.”

“Dádì!”

“Kí ni mo sọ? Mo ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún un ni.”

Ẹkúndayọ̀ gba ìrẹsì náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gbàgbọ́ pé ohun tí ó le jù ti kọjá. Kò mọ̀ pé Ilé-Olújì, ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé nílé, ni wàhálà gan-an wà.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì, ìyá olùkọ́ tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é pé òun ti rí ìyàwó, ó kọ́kọ́ kọrin ọpẹ́.

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ ni, mà. Ó wà ní Kọmúníti Kọ́lẹ́ẹ̀jì.”

Orin náà dáwọ́ dúró. Ní Ilé-Olújì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ibi tí ọmọ ń lọ bí ó bá ti jáde ìwé mẹ́fà. Èyí tí ó bá sì ní kọmúníti nínú orúkọ rẹ̀, ará ìlú ló dáwó kọ́ ọ. Àìmọye ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ìyá yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀.

“Kíláàsì wo ló wà?”

“Ọdún kejì, mà.”

“Ẹkúndayọ̀! Ọmọ ọdún méjìlá?”

Ó pa fóònù. Bí ọmọ rẹ̀ ti ń pè tó, kò gbé e. Ohùn tí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò gùn: “Ọmọ tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Má pè mí mọ́ títí wàá fi fi ọmọdé yẹn sílẹ̀.”

Ẹkúndayọ̀ lè kọ ìwé láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ‘ilé-ìwé’ nìkan ni òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ láti ọdún méjì, ìyá ti sọ ọ́ di yunifásítì, ó sì ti dúpẹ́ nínú ìjọ. Ìtìjú dí i lẹ́nu. Nígbà tí ó jẹ́ kí Doyinsọ́lá gbọ́ ohùn náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín lọ, omijé kò lọ.

“Bàbá tèmi ní jẹ́lé-ó-sinmi ni, ìyá tìẹ ní girama ni. Ó ti tó.”

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nídìí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú Ẹkúndayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó doríkodò, Doyinsọ́lá sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun yóò kọ lẹ́tà sí yunifásítì tí ó jìnnà náà. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ òun, oṣù kìíní ni òun yóò lọ.

Ohun tí Ẹnjiníà Babáwálé ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Síbẹ̀, ó gbé ṣíbí ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀.

“Kí ló dé?”

Doyinsọ́lá ròyìn ohùn WhatsApp náà fún un. 

“Ta ni wọ́n pè ní ọmọ girama?”

“Èmi.”

“Doyinsọ́lá tèmi?”

“Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà ní—”

“Ohun tí mo bá sọ nínú ilé mi, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹkúndayọ̀, nọ́ńbà ìyá rẹ dà?”

Nítorí pé nọ́ńbà náà ṣàjèjì, ìyá gbé e. Bàbá gbé fóònù kalẹ̀ sí àárín tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ẹ káalẹ́, mà. Bàbá Doyinsọ́lá ni, láti Houston.”

“Ẹ̀yin ni bàbá ọmọdé náà! Ẹ má bínú, sà. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ mi.”

“Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni ọmọ mi, mà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà kì í ṣe irú tiwa nílé. Ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ìṣirò tó ń ṣe, èmi ẹnjiníà, mo ní láti wá gíláàsì mi kí n tó kà á. A ló gbà nínú ìṣirò. A ló gbà nínú físíìsì. B kan ṣoṣo tó ní, kẹ́místírì ni, ọ̀sẹ̀ tá a ṣèrántí ìyá ẹ̀ ló sì ṣe ìdánwò náà.”

Doyinsọ́lá gbé orí sókè. Orí tábìlì yìí ni ó máa ń fi ìwé èsì rẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ rí.

“Yunifásítì ńlá gbà á, mà. Ó kọ̀ ọ́, kí n má baà máa dá jẹun.” Bàbá wo Doyinsọ́lá. “Ó rò pé mi ò mọ̀.”



“Ẹ kú ìrọ́jú, sà,” ni ìyá wí jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò ṣàlàyé. Òun tó wà ní yunifásítì, ó yẹ kó lè ṣàlàyé.”

Ẹkúndayọ̀ súnmọ́ fóònù bí ẹni tí ó fẹ́ gba ẹgba. “Mọ́mì, èmi ni. Ibẹ̀ náà ni mo wà.”

“Ibo?”

“Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mà.”

“Kíláàsì wo?”

“Ọdún kejì, mà.”

Ẹ̀rín tí ó ti Ilé-Olújì wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi ń gbọ̀n lórí tábìlì. Nígbà tí ó tán, ìyá ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ náà. Doyinsọ́lá kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn nìkan ló ń lọ.

“Ẹ káalẹ́, mà.”

“Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ o, Mọ́mì,” ni Ẹkúndayọ̀ wí.

“Sọ fún un kó dìde,” ni ìyá wí. “Èmi kò fẹ́ kí orúnkún dun ìyàwó mi.”

Bàbá nu ojú rẹ̀. “Lẹ́tà tí o fẹ́ kọ ńkọ́?”

“Mi ò tíì kọ ọ́, Dádì.”

“Má kọ ọ́ mọ́.”

Ní oṣù kẹjọ tí ó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì kọjá sí Third Ward. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lábẹ́ igi kan nítòsí ibùdókọ̀, Ẹkúndayọ̀ mú òrùka tín-ín-rín jáde, ó sì fẹ́ sọ gbólóhùn tí ó ti ń tún sọ nínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí rẹ̀, àfi “Jọ̀ọ́.” Ìyẹn náà tó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tán, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Missouri City, ìyá olùkọ́ sì wá láti Ilé-Olújì pẹ̀lú gèlè funfun.

Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, tọkọtaya kó ẹrù sínú ọkọ̀. Bàbá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

“Apartment yín yìí, báwo ló ṣe jìnnà tó?”

“Ìṣẹ́jú méjìdínlógún, Dádì. Mo wò ó lórí fóònù.”

Ó ronú sí i fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òkun ni wọ́n fẹ́ là kọjá.

“Ó jìnnà,” ni ó wí níkẹyìn. “Ẹ wọlé wá jẹun kí ẹ tó lọ.”

Wọ́n ti jẹun ní wákàtí kan sẹ́yìn. Wọ́n padà wọlé, wọ́n sì jókòó.