Wifí Inú Àpótí Aṣọ Ìyá Awawou

Bí ọyẹ́ bá mú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí kò lè gbàgbé. Eruku a bo ewé kajú, a bo ìdérí ìkòkò, a sì wọ yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Olúkúlùkù a máa wá ohun tí yóò fi bo nǹkan rẹ̀.

Ti Ìyá Awawou kọjá bíbò. Títì ló máa ń ti tirẹ̀. Kàǹtíìnì rẹ̀, àpótí irin ńlá tó gbé wá sílé ọkọ, ló ń kó gbogbo ohun iyebíye sí: aṣọ, yẹtí wúrà, ìwé ìbí àwọn ọmọ. Ọmọ kì í sì í ṣí kàǹtíìnì ìyá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà la ti ń tọrọ ohun tó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, ó rí i pé eruku ti bo àpótí wifí kékeré tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kùtọnu, èyí tó wà lórí àga nínú yàrá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó nù ún, ó tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ nínú kàǹtíìnì, ó jẹ́ kí wáyà iná rẹ̀ gba etí ìdérí jáde, ó sì tì í. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn níbẹ̀. Inú ìyá dùn.

Lọ́sàn-án, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Moufidatou, tó wá lo ìsinmi láti Parakou, ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ní pálọ̀. Gbogbo ìwé tí yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti pé sínú rẹ̀. Fífi ránṣẹ́ ló kù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì ni òpin. Orúkọ wifí ará àdúgbò méjì yọ, tilé wọn kò yọ. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. Ó gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò, ó gbé e padà. Pàbó ni. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bóyá àpótí wifí ń tàn.

"Ó ń tàn kedere," ni Ìyá Awawou dáhùn. "Mo rí iná rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Òótọ́ ló sì sọ.

Ẹ̀bi wá di ti kọ̀ǹpútà. Moufidatou pe Florent, tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Florent kò rí kọ̀ǹpútà sójú, ṣùgbọ́n ó ti mọ àìsàn rẹ̀: kí wọ́n gbé e wá, òun yóò pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, òun yóò sì fi tuntun sí i. Bí ọmọ ṣe ń di í sínú gèlè ni ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ìwé nọ́ọ̀sì ńkọ́?

Ibẹ̀ ni Màdáàmù Chimène bá wọn. Olùkọ́ ni, wọ́n gbé e wá láti Pobẹ́, ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn. Gàrí tí Ìyá Awawou ń tà ló wá rà. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé Florent ti rí i?"

"Rárá, Màdáàmù. Orí fóònù ló ti sọ ọ́."

"Dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ láti oríta. Jókòó, ọmọ mi."

Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì ọkọ̀ òfurufú tàn lójú kọ̀ǹpútà, torí pé èyí máa ń gé gbogbo ìsopọ̀. Kò tàn. Ó wò ó bóyá wọ́n ti tan wifí rẹ̀. Wọ́n ti tàn án. Ó wá yọ fóònù tirẹ̀, èyí tí mégà rẹ̀, dátà tó fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ti tán látàná, tó sì ti mọ wifí ilé náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko, nítorí ìyá ti fún un láàyè. Fóònù náà kò rí i.

"Kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi," ló wí. "Ohun tí méjèèjì wá tì, ibi tó ti ń wá ni ká wò." Ó kọjú sí ìyá. "Ìyá, n kò béèrè bóyá ó ń tàn o. Níbo ló wà?"

Ìyá Awawou gbé àyà sókè. "Ibi tí eruku kò lè dé. Inú kàǹtíìnì mi."

Moufidatou fi ọwọ́ bo ẹnu. Chimène fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀.

"Ẹ tì í?"

"Mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fólè ni?"

Chimène wá ṣàlàyé pé bí ohùn èèyàn ni wifí rí. Ẹni tí a tì mọ́nú irin lè pariwo títí, ẹni tó wà ní pálọ̀ kò ní gbọ́ ọ dáadáa. Irin ń dá a dúró, ògiri tó nípọn ń dín in kù.

Ìyá wo kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀. "Áà, ẹnu rẹ̀ ni mo dì, mo sì rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ tú kọ́kọ́rọ́ ní ìbàdí, ó ṣí i. Àpótí wifí ti gbóná láàárín aṣọ bí ẹyin tí adìyẹ sàba lé. Chimène ní bí wọ́n bá fi í pẹ́ síbẹ̀, ó lè bàjẹ́, ó tiẹ̀ lè gbiná. Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, wọ́n mú sùúrù kó tutù, wọ́n tún tàn án. Orúkọ ilé wọn yọ gẹngẹ.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ kò tíì lù tí ìwé fi lọ. Èsì wá ní Faransé, Moufidatou sì kà á fún ìyá àgbà ní Yorùbá: wọ́n ti rí i gbà, ó pé. Ìyá Awawou jó yí agbada gàrí po. Nígbà tó wọn gàrí fún Chimène, èènì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọjà lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí kọ̀ǹpútà yín kò bá rí wifí ilé, ẹ má yára gbé e lọ bá ẹni tí yóò pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ wò ó bóyá wifí rẹ̀ wà ní títàn, kí àmì ọkọ̀ òfurufú má sì tàn. Ẹ fi fóònù dán an wò: bí fóònù bá rí i, ẹ wo kọ̀ǹpútà, bí kò bá rí i, ẹ lọ wo àpótí wifí, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún tàn án. Ibi gíga tó ṣí sílẹ̀ ni kó wà, kó jìnnà sí irin. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nu eruku rẹ̀, a kì í fi aṣọ bò ó. Bó bá sì di dandan kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà fún alátùn-únṣe, ẹ kọ́kọ́ da ìwé yín kọ síbòmíràn.

Ohun tí a bá fẹ́ kó bá wa kàn sí ayé, a kì í tì í mọ́lé.