Òkun Tí Kò Sí Nínú Ewì

"Fi òkun hàn mí! Mo ní kí o fi òkun hàn mí, Ilinca!"

Ohùn Ọ̀gá Casian gba gbogbo kíláàsì kan. Ó na ìwé ìdánwò àṣewò náà sókè bí ẹni mú òkú eku nírù. "Ìlà mẹ́rin péré ni ewì yìí. Igi ápù wà níbẹ̀. Yìnyín wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. O wá kọ odindi ojú ewé méjì lórí òkun tó ń sunkún! Òkun wo? Ta ló gbé e wá?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Codrin tó jókòó lẹ́yìn na apá méjèèjì bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́. "Ẹ tètè fà á jáde, sà, kó tó rì!"

"Pa ẹnu rẹ dé, Codrin! Ìwọ náà kọ òkun! Ìdajì kíláàsì yìí ló kọ òkun, ọ̀rọ̀ kan náà, kọ́mà kan náà!"

Ojú gba Ilinca tì. Kì í ṣe pé kò kàwé. Ó kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ní ìlú kékeré tiwọn ní Romania, ta ni ọmọ tí yóò jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde tí kì í lọ sọ́dọ̀ tíṣà àdáni? Màdáàmù Profira ni tiwọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní àlàyé gbígbẹ nílẹ̀ fún gbogbo ewì bí ẹni ní ẹja nínú agolo. Kọ́ ọ sórí, dà á sórí ìwé, yege, máa lọ. Ilinca kọ́ àlàyé òkun sórí bí Àdúrà Olúwa. Ó mọ ibi tí "ìfohunpènìyàn" ti ń wọlé, ó mọ ibi tí "àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́" ti ń yọjú, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an ni kò mọ̀.

"Mẹ́ta nínú mẹ́wàá," ni Ọ̀gá Casian wí. "Máàkì kan ṣoṣo ló kù kí sáà parí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wàá dúró síwájú pátákó yìí, wàá sọ ohun tí ìlà mẹ́rin yìí ń ṣe. Bí ohun tí o gbà bá dín ní márùn-ún, o ò ní ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún yìí. Mo ti wí tèmi."

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá máàkì. Ìyá Ilinca wà ní ilẹ̀ Italy, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì fi Ilinca sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: bí Ilinca bá yege, yóò lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Iași, bí kò bá yege, yóò lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n jọ máa wẹ̀ fún àwọn arúgbó.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó fi ìbínú gun àtẹ̀gùn ilé Màdáàmù Profira. Ilé náà ń rùn kábéèjì kíkan bí ìṣe rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọ sálúbàtà àlejò.

"Màdáàmù, òkun yẹn kò bá ewì náà mu."

"Kò bá a mu báwo? Àwọn tó fi òkun yẹn yege ti di dókítà!"

"Ewì igi ápù ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Màdáàmù kò bojú wo ìwé náà. Awò ojú rẹ̀ wà lórí irun, níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Igi ápù? Ṣé igi náà kọ́ ni? Bí igi bá pọ̀, kí ló ń jẹ́? Igbó! Gba àlàyé igbó, kọ́ ọ sórí. Má dà mí láàmú, ọmọ yìí, àwọn mìíràn ń dúró."

Inú Ilinca sọ fún un pé kó má gbà á. Ṣùgbọ́n kíkọ́ sórí rọrùn ju ríronú lọ, ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gbà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé wọlé ni ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ilinca mi, ṣé o ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, Màmá."

"Kí ló ń ké yẹn?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ó ṣì ń ké? Kí ló dé tí ìwọ àti ìyá àgbà ò fi òróró sí i?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń fi òróró sí i."

Ìyá rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Ìyá arúgbó kan lókè ilé wa níbí ń wá olùtọ́jú. Mo kàn ní kí o mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ilinca dúró síwájú pátákó, ó di ojú. "Nínú ewì yìí, igbó tó ṣókùnkùn náà ń mí kanlẹ̀ bí..."

"Igbó!" Ọ̀gá Casian gbá orí mú. "A ti gúnlẹ̀ láti orí òkun, a ti wọ igbó! Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, aṣálẹ̀ ni? Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni, ọmọ yìí. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ni. Rédíò ni ọ́. Wọ́n tàn ọ́, ò ń sọ̀rọ̀."

"Kẹ́ ẹ yí i sí ibùdó mìíràn, sà!" ni Codrin ké.

Nǹkan já nínú Ilinca. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Láti oṣù kẹsàn-án lẹ ti ń pariwo bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ti sán! A ń gbọ́ ariwo, a ò mọ ẹni tó kú! Ẹ ò fìgbà kan jókòó kẹ́ ẹ fi ohunkóhun hàn wá!"

Ojú Ọ̀gá Casian pọ́n. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Ó dùn mí," ló wí. "Kí ni wọ́n ń pe ohun tí o fi gbá mi yẹn? 'Bí agogo tó ti sán.'"

"Àfiwé... Àfiwé tààrà, sà."

"Kí ló dé tí o ò kàn ní 'ẹ ń pariwo', kó parí síbẹ̀?"

"Torí kò ní dùn yín tó."

"Ṣé o rí i? Ọnà èdè kò wà fún ká máa dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wo ewì náà, má wo inú orí rẹ."

Ilinca gbé ìwé náà, ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí:

*Yìnyín fi ọwọ́ funfun bo igi ápù lẹ́nu,*
*Ó ní, "Ẹ dákẹ́, onílé kò sí nílé."*
*Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, ajá arúgbó tó mọ olówó rẹ̀,*
*Ń ké láàárọ̀, ń ké lálẹ́.*

"Yìnyín ò lọ́wọ́," ló bẹ̀rẹ̀. "Ìfohunpènìyàn ni. Ó di igi lẹ́nu bí àgbàlagbà tí ń ní kí ọmọdé má sọ̀rọ̀ ẹni tó ti lọ. Gbogbo ilé ló gbà láti dákẹ́." Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kẹta. "Ilẹ̀kùn nìkan ni kò gbà. Akéwì ò ní ó ń ké bí ajá. Ó pè é ní ajá gan-an. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Torí ajá kì í gbọ́ àlàyé. Ẹ lè sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ ló gbé wọn lọ. Ajá ò mọ ìyẹn. Ó kàn mọ̀ pé wọn ò sí nílé."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Codrin pàápàá ń wo tábìlì rẹ̀.

"Mẹ́jọ," ni Ọ̀gá Casian wí. "Méjì tó kù, agogo ló gbà á."

Láti ilé ìwé, Ilinca kò yà síbì kankan. Nílé Màdáàmù Profira, àwọn ọmọ ti tò sórí bẹ́ǹṣì nínú sálúbàtà àlejò. Codrin náà ti sáré dé. Ó fẹ́ gba àlàyé igbó.

"O wá dúpẹ́ ni?" ni Màdáàmù lọgun láti ìdí tábìlì.

"Àlàyé yín ni mo wá dá padà, mà."

"Aláìmoore! Ewì tí mo ti gbàgbé pọ̀ ju èyí tí o máa kà láyé rẹ lọ!"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, mà." Ilinca tẹ́ ìlà mẹ́rin náà síwájú rẹ̀. "Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn."

Awò ojú Màdáàmù kò kúrò lórí irun. Ó na ọrùn, ó di ojú, ohùn rẹ̀ sì di ti ẹni tí ń kọrin ìsìn. "Nínú ewì yìí, akéwì fi omijé òkun..."

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Màdáàmù," ni Ilinca wí, "ẹ fi òkun hàn mí."