Ẹnu Ló Ní Òun Yóò Rà Á

"Mélòó lo fẹ́ kó?" Àlàájì Mashood, tó ń ta iná sólà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, béèrè.

"Ogójì, sà," ni Marufat fèsì, láìtilẹ̀ béèrè iye tí ẹyọ kan jẹ́. "Gbogbo àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ ni mo ti bi léèrè. Wọ́n ní àwọn yóò rà á."

"Wọ́n ní." Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára. Àwìn ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ni ìdógò. Bí oṣù bá parí tí owó kò pé, màá ní kí wọ́n lọ gbé e wá."

Kúbúrátù, ìyá rẹ̀, ti fọwọ́ sí i, nítorí èrè ọjà náà ni wọn yóò fi san owó ìdánwò àṣekágbá Marufat. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi ń jẹun.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Marufat béèrè, síbẹ̀ ó ṣìnà. Ta ni yóò wo ojú ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i, kí ó sọ pé òun kò ní í ra ọjà rẹ̀? Nígbà tó kó iná dé ẹnu ọ̀nà wọn, àdúrà ni wọ́n fi ń sìn ín jáde: "Ọjà á tà, ọmọ mi. Kò sówó lọ́wọ́ ni."

"Ìwọ náà tà á láwìn," Ṣùbòmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn. "Bu owó lé e. Wàá rí bí wọn yóò ṣe máa já a gbà."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìyá kan tó ní òun kò lówó lánàá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Àwìn kẹ̀? Fún mi ní méjì." Kò béèrè iye. Ọwọ́ Marufat ti wà nínú àpò kí ó tó rántí pé bí òun náà ti ṣe ní Takie nìyẹn. Ó fa ọwọ́ yọ.

"Ẹ má bínú, mà."

"Áà, Marufat, ṣé mo jọ olè ni?"

Ó ń sunkún gba Ọjà Akẹ̀sán kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá ń sunkún, a sì máa ń ríran. Ó rí Ìyá Rúùtù aláta tó ń yọ bátìrì tó ti kú kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì. Agolo tó ń kó wọn sí ti kún.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ìgbà wo lẹ ra ìyẹn?"

"Ìjẹta. Èrè ata mi ló ń jẹ, ọmọ."

Marufat kò bi í bóyá yóò ra iná. Ó gbé ọ̀kan kọ́ sókè àtẹ ata náà. "Ẹ máa lò ó di Jímọ̀, mà."

Ní Jímọ̀, Ìyá Rúùtù ti ń tú etí ìró rẹ̀ kí Marufat tó kí i. "Gba owó rẹ. Má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án níbẹ̀ yẹn. Ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bi mí pé níbo ni mo ti rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni Marufat ṣe ń gbé iná kọ́ sórí àtẹ àwọn ọlọ́jà alẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gba owó wọn. Nígbà tí oṣù parí, kò dúró de ìránṣẹ́ Àlàájì. Òun fúnra rẹ̀ kó owó àti iná tó ṣẹ́kù lọ sí Takie.

"Ta ni yóò ra ìyókù?"

"N kò tíì mọ̀, sà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ọlọ́jà alẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń ríran."

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn," ni Àlàájì wí. "Mo fi oṣù kan kún àkókò tí mo fún ọ."

Ní Ọ̀yọ́, ẹ̀rọ Kúbúrátù ń dún lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ènìyàn lè fi inú rere dá wa lóhùn. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sanwó fún ni kí a wò, kí a tó tọrùn bọ gbèsè.