Eré Tí Ó Sá Nítorí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

"Rọra máa sá a o," ni ìyá sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀, bí ó ti ń rán àwòrán ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin mọ́ àyà ẹ̀wù tí ọmọ náà fẹ́ fi sáré. "Ọ̀nà ọ̀hún jìn. Má bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Àrùn kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà lọ́dún tó kọjá. Àwọn olùkọ́ àti aládùúgbò ti ṣèlérí pé bí ọmọbìnrin náà bá sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin yìí dópin, àwọn yóò ra ibùsùn tuntun fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí ẹ̀gbọ́n náà kú sí. Bí kò bá dópin, kò sí ibùsùn.

Níbi tí wọ́n ti ń tò, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ehoro wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ìwọ náà? Àbí o wá bá wa gbé omi ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún wọra. Bí fèrè ti dún, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó kọjá Ehoro, ó tún bojú wẹ̀yìn wò ó. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fà, tó le gbagidi. Ó jókòó sí etí gọ́tà, ó ń sunkún. Ehoro rọra ń sáré bọ̀ bí ẹni ń najú, ó juwọ́ sí i, ó kọjá lọ.

Ìyá rẹ̀, tó ń bá wọn pín omi nítòsí, sáré dé, ife lọ́wọ́.

"Ta ló ń lé ọ?"

"Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Màámi. Mo sì ti ba ọ̀rọ̀ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi jẹ́."

Ìyá kúnlẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó kú sétí ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ pé bí mo bá rán an ní iyọ̀, ọbẹ̀ á ti jinná kó tó dé? Ìgbà wo ni ìyẹn kánjú rí?"

Ẹ̀rín gba ẹkún lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Gbogbo ajá àdúgbò ló máa ń dúró kí."

"Ẹ́ẹ̀n. Ó yá, dìde. Wọn ò ní ká má rìn."

Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ń dúró na ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé òpin eré, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ká àga. Olùkọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣì jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo pẹ́," ni ọmọbìnrin náà wí.

"A ò bá ọ ṣàdéhùn aago," ni olùkọ́ fèsì. "Wọ́ọ̀dù ti ní ibùsùn."

Ẹsẹ̀ náà wú, ó sì ń tiro lọ sílé ìwé fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó yé e wàyí: ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀sín ẹlòmíràn máa darí ẹsẹ̀ òun lè pàdánù ohun tó tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Ẹni wa tó ti lọ kò ní ká bá òun borí ẹnikẹ́ni. Ká má ṣe dúró lójú ọ̀nà ti tó.