Wọ́n Ní Mojísọ́lá Ń Jẹ́wọ́ Àjẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, ìtàn yìí korò. Jọ̀wọ́, kà á tán.

Ní ọdún 1994, Babárìndé ń ta pákó ní Ìkòtún. Ó lówó, ó gbéraga, àwọn àlè rẹ̀ kò sì lóǹkà. Nígbà tí ara rẹ̀ ń joro, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní éèdì ni.

"Ẹ mú ìyàwó yín wá, ká yẹ tiwọn náà wò."

Babárìndé fi ìwé àyẹ̀wò náà sábẹ́ ẹní. Kò sọ fún Mojísọ́lá, ìyàwó rẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ojú ò tì í nígbà tó ń ṣe é!

Kò pẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Mojísọ́lá. Kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé òun lòun jẹ ọmọ òun tó kú.

Háà! Àdúgbò dàrú. "Àjẹ́ ń jẹ́wọ́ o!" Wọ́n sọ ọ́ lókò. Babárìndé mọ̀ pé ó lè jẹ́ àìsàn, ó dákẹ́. Òun gan-an ló ju ẹrù rẹ̀ síta. Ilé ìyá rẹ̀ ní Ìdímù ni Mojísọ́lá kú sí. Kò sẹ́ni tó gbé e dé ọsibítù.

Ọdún ò yí po tí Babárìndé náà fi ń bá pákó sọ̀rọ̀. Zacchaeus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa omi lọ́pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn. Nígbà tí iyè rẹ̀ sọ, Zacchaeus ṣàlàyé fún un.

"Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni. Éèdì ti jẹ agbára ara rẹ, ni àrùn yìí fi ráyè wọ ọpọlọ rẹ, tí o fi ń sọ ìsọkúsọ."

"Ṣé ohun tó ṣe Mojí nìyẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, bóyá à bá rí nǹkan ṣe sí i."

Babárìndé bú sẹ́kún. "Mo mọ̀, mo dákẹ́! Ṣé Jésù á gbọ́ tèmi?"

"Á gbọ́ ọ. Jẹ́wọ́ fún un."

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Babárìndé ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Nígbà tó lè rìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìdímù lójú gbogbo àdúgbò.

"Màmá, ọmọ yín kì í ṣe àjẹ́. Èmi ni mo kó àrùn ràn án."

Ìyá kẹ̀yìn sí i. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ti dárí ji Babárìndé. Ìyá ò tíì lè dárí jì í, ta ló máa dá ìyá lẹ́bi?

Ìwọ ńkọ́? Kí lo mọ̀ tí o dákẹ́ lé lórí? Orí rẹ ṣì pé lónìí. Ké pe Jésù báyìí, kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ sọ òtítọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.